Wọ́n Ní Kí N Dákẹ́

RÓNKẸ́: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Owó ilé la ní a máa sọ lónìí, mo mọ̀. Kí owó ilé ṣì jókòó ná. Káyọ̀dé, wọ́n ní kí n dákẹ́.

KÁYỌ̀DÉ: Ta ló láyà bẹ́ẹ̀?

RÓNKẸ́: Sátidé tó kọjá. Mo gbé ọmọ àbúrò mi lọ gbá bọ́ọ̀lù, ikọ̀ abẹ́ ọdún mẹ́wàá. Mi ò ní dárúkọ kíláàbù wọn. Òjò ń pa wá. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ọmọ mi, góòlù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó wá ń dárà! Mo pariwo pé, "Gbá a! Àbí o fẹ́ kí wọ́n fìwé pè ọ́ ni?" Ni kóòṣì bá rọra rìn wá: "Mọ́mì, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ àwọn òbí lòní. Àtẹ́wọ́ nìkan." Àtẹ́wọ́! Èmi!

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ̀yin tí aládùúgbò kọ̀wé sí káńsù nítorí àdúrà òru.

RÓNKẸ́: A ti parí ìyẹn. Má dá a sílẹ̀ mọ́.

KÁYỌ̀DÉ: Òótọ́ ló sọ ṣá, Àǹtí. Kóòṣì ní kó gbá a sẹ́yìn, ẹ̀yin ní kó gbá a síwájú. Ta ni kó gbọ́?

RÓNKẸ́: Èmi! Ta ló jókòó sínú gosiló M25, títì ńlá tó yí London ká? Wo Bukayo Saka. Ìwọ̀-oòrùn London ni wọ́n ń gbé, Hale End tí Arsenal ti ń tọ́ àwọn ọmọ wọn sì wà ní Walthamstow lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún méje ló ti bẹ̀rẹ̀! O rò pé àwọn òbí ẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè máa pàtẹ́wọ́?

KÁYỌ̀DÉ: Ta ló sọ fún yín pé wọ́n pariwo? Ọmọ yẹn ṣe dáadáa nínú GCSE, ìdánwò ọlọ́dún 16 níbí, pàápàá. Ìwé ni kí ẹ pariwo lé lórí.

RÓNKẸ́: Ó ti dé! Bàbá oníwèé!

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Láti ikọ̀ abẹ́ ọdún 9 ni àwọn kíláàbù ńlá ti ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Ní ọdún 16 ni wọ́n ń yan àwọn tó máa gba skọ́láṣípù bọ́ọ̀lù ọdún méjì. Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹ wo Eberechi Eze, agbábọ́ọ̀lù yẹn. Arsenal lé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13.

RÓNKẸ́: Lọ́dún 2025, wọ́n gbówó ribiribi kalẹ̀ rà á padà! Wọ́n lé Harry Kane náà ní kékeré, ó lọ sí Tottenham, kò sẹ́ni tó gbá góòlù fún wọn tó o. Wọ́n ń ṣe bí ẹni tó mọ ibi tí orí ń gbé ọmọ lọ.

KÁYỌ̀DÉ: Àwọn tí wọn ò rà padà ló pọ̀ jù, Àǹtí.

RÓNKẸ́: ...Ìyẹn náà wà. Ṣùgbọ́n wo Ethan Nwaneri. 2022, ọmọ ọdún 15 àti ọjọ́ 181, ó wọlé fún Arsenal nígbà tí wọ́n ń bá Brentford gbá. Kò sẹ́ni tó kéré tó o rí ní Premier League. Lọ́jọ́ kejì ó padà sí kíláàsì.

KÁYỌ̀DÉ: Irọ́! Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin Queen Elizabeth. Kò sẹ́ni tó lọ síléèwé.

RÓNKẸ́: Àh! Mo wà ní ṣíìfù níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn! Ìlọ́po méjì ni wọ́n ní àwọn máa san. Káyọ̀dé, mo ṣì ń retí ẹ̀.

KÁYỌ̀DÉ: [Ẹ̀rín] Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé yẹn ńkọ́? Ṣé ó gbá a?

RÓNKẸ́: Ó gbá a o. Ó fò kọjá ọgbà, ó bà lé mọ́tò kóòṣì.

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí! Kí lẹ wá ṣe?

RÓNKẸ́: Kí ni wọ́n ní kí n ṣe? Mo pàtẹ́wọ́.