Ohun Tí A Bá Bi Kọ̀ǹpútà Ló Ń Dáhùn

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kékeré kan tó jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo, x, ló ń yí nínú rẹ̀: ẋ = −2x (ẋ ni bí x ṣe ń yára yí). Tí nǹkan bá tì í kúrò ní òdo, ṣé á padà síbẹ̀? Láti ọdún 1892 ni Lyapunov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti fi ọ̀nà ìdáhùn hàn: ẹ wá nọ́ńbà p tó ju òdo lọ, tí px² á sì máa dín kù bí x ṣe ń yí, ìyẹn ni pé kí −4p kéré sí òdo. Ojú lásán tó láti ṣe é. Àmọ́ mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi ṣe é. Mo ṣí sọ́fítíwìà kan tó ń jẹ́ YALMIP, mo kọ p>=0 àti -4*p<=0, mo tẹ bọ́tìnnì. Èsì tó gbé wá ni p = 0.

Mo kọ́kọ́ rò pé sọ́fítíwìà náà ti bàjẹ́ ni. Kò sóhun tó ṣe é. Mo ní kí p má kéré sí òdo. Òdo kò kéré sí òdo. Ohun tí mo bi í ló dáhùn, èyí tó wà lọ́kàn mi kò kàn án. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: p>=1. A ò pàdánù nǹkan kan, torí tí p kan bá ṣiṣẹ́, ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ náà á ṣiṣẹ́.

Ògbufọ̀ ni YALMIP, tí Johan Löfberg ṣe. Ẹ kọ ìbéèrè yín bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé, á tò ó bí àwọn aṣírò bíi SeDuMi àti MOSEK ṣe fẹ́ ẹ. Kó tó dìgbà yẹn, ọwọ́ la fi ń to àwọn nọ́ńbà náà, àmì òdì kan ṣoṣo sì lè ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́.

CVX, irú sọ́fítíwìà bẹ́ẹ̀ mìíràn, iṣẹ́ Grant àti Boyd ní Stanford, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ rí i dájú pé ìbéèrè yín dà bí abọ́, tí òkúta tí ẹ bá jù sínú rẹ̀ á yí lọ sí ìsàlẹ̀ kan náà, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ sqrt(x^2+1), á kọ̀ ọ́, torí òfin rẹ̀ kò lè fi hàn pé abọ́ ni. Ẹ kọ norm([x 1]), á gbà á. Ohun kan náà mà ni méjèèjì! Ó máa ń bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn.

Níbi tí kò bá ti sí abọ́, sọ́fítíwìà bíi CasADi ló kù: á bá yín ṣírò ìyípadà, á gbé e fún aṣírò bíi IPOPT. Ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lè wá pinnu ibi tí ẹ máa bá ara yín.

Ẹ wá wo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń padà bọ̀ wálẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti tàn, agbára rẹ̀ kò lè lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kò sì lè kọjá òmíràn. Àyè tó ṣẹ́ kù fún un wá dà bí òrùka tó lu láàárín, kì í ṣe abọ́ rárá. Ní 2007, Açıkmeşe àti Ploen fi nọ́ńbà kan kún ìbéèrè náà, ihò àárín dí, ó di abọ́. Wọ́n sì fi hàn pé èsì tó dára jù lọ nínú ìbéèrè tuntun yìí kì í bọ́ sínú ihò náà, kì í rú òfin ẹ́ńjìnnì. Lars Blackmore ti SpaceX kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé CVXGEN, tí Mattingley àti Boyd ṣe, ni àwọn fi ń kọ kóòdù tó ń ṣe irú ìṣirò yìí kíákíá nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, bó ṣe ń já bọ̀.