Tíì àti Ṣáyì: Ọmọ Ìyá Kan Náà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní àràárọ̀ ni mo fẹ́ tú wò níwájú yín. Bí ẹ bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mai shayi lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹ ó gbọ́ tí oníbàárà ń sọ pé, "Ẹ bá mi po tíì kan," nígbà tí ọmọ Haúsá tó ń pò ó ń pe ohun kan náà ní shayi. Ẹni tó bá gbọ́ wọn lè rò pé ọ̀rọ̀ méjì tí kò mọra wọn rí ni. Ohun tí mo wá sọ ni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àti pé ìró tó wà lẹ́nu oníkálukú ló ń jẹ́ ká mọ ọ̀nà tí ewé náà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ilé wọn. Àmì ìkọ̀wé kan ṣoṣo, 茶, ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ewé yìí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmì náà kì í sọ bí a ó ti pè é, nítorí náà ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan ń kà á bí ẹnu tirẹ̀ ti rí. Ní Mandarin àti Cantonese, cha ni. Ní Hokkien, èdè àwọn ará etíkun Fujian níbi tí ìlú Xiamen wà, ó di tê. Èyí kò yẹ kó ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Ilé tí gbogbo wa ń kọ sínú ìwé, ulé ni lẹ́nu Èkìtì; bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ará Èkìtì nìkan ni àjèjì kan ti kọ́ èdè wa, ulé ni ì bá gbé lọ sí ìlú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún àwọn oníṣòwò Nẹ́dálándì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé náà lọ sí Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1610. Àwọn tí ń sọ Hokkien ni wọ́n bá dòwò pọ̀ ní Java, erékùṣù kan ní Indonesia, àti ní Taiwan tí wọ́n tẹ̀dó sí láti 1624 títí di 1662. Tê ni wọ́n gbọ́, tê ni wọ́n sì kó dé ilé pẹ̀lú ẹrù. Láti ibẹ̀ ni Faransé ti ní thé, tí Jámánì ní Tee, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ní tea. Nígbà tí Samuel Pepys, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, kọ́kọ́ mu ún ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1660, "tee" ló kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìró náà tó fìdí múlẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, akéwì wọn Alexander Pope fi tea parí ìlà ewì kan, ó sì fi obey parí ìlà tí wọ́n jọ ń dún bákan náà, èyí tó fi hàn pé ìró tó sún mọ́ té ni wọ́n ń pè nígbà náà. Ká ní a ti gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wọn láyé ìgbà yẹn ni, bóyá téè ni à bá máa mu lónìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé tê gba ojú òkun, cha sì gba orí ilẹ̀. Mi ò gba èyí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn Potogí gba ojú òkun, síbẹ̀ chá ni wọ́n ń pè é, nítorí Macau, ìlú èbúté kan ní gúúsù Ṣáínà, ni wọ́n tẹ̀dó sí láti 1557, láàárín àwọn tí ń sọ Cantonese. Ẹnu ẹni tó ta ọjà náà ló pinnu rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi rù ú. Nípa báyìí, àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú kó sọdá òkun bọ́ sí ìhà méjèèjì: àwọn tó dé Brazil, níbi tí wọ́n ń sọ èdè Potogí, bá chá níbẹ̀, àwọn tó dé Kúbà, níbi tí wọ́n ń sọ èdè Sípéènì, bá té.

Òótọ́ ni ṣá pé cha ló jẹ gàba lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé ẹnu àwọn ará Páṣíà ni ìró ìparí rẹ̀ ti wọlé tó fi di chāy, irú èyí tí a ń gbọ́ ní Íńdíà, Tọ́kì àti Rọ́ṣíà. Èdè Lárúbáwá àtijọ́ kò ní ìró ch, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ di shāy, ọ̀dọ̀ wọn sì ni Haúsá ti gba shayi. Ní Mòrókò, tí òun náà ń sọ Lárúbáwá, atay ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn oníṣòwò Yúróòpù tó ti gba ìró tê ló kó ewé náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wá padà sórí bẹ́ǹṣì wa: mai lédè Haúsá ń ṣe iṣẹ́ tí oní ń ṣe lédè tiwa, nítorí náà onítíì ni mai shayi, ẹni tí ó ń ta nǹkan kan ṣoṣo tí ọ̀nà méjì gbé orúkọ rẹ̀ dé.

Ìtumọ̀ náà kò dúró sójú kan. Lọ́dọ̀ wa, tíì kò mọ sórí ewé Ṣáínà mọ́. Ẹni tó po Milo tàbí Bournvita náà ń mu tíì, débi pé tí a bá fẹ́ ewé gan-an, Lipton ni à ń béèrè.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa ohun kan tó máa ń dùn mí. Ẹnìkan lè sọ pé à ń ṣa ewé, ewé sì ni cha, nítorí náà Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kúkúrú máa ń jọra lásán láàárín èdè tí kò bára tan, nítorí ìró tí ẹnu ènìyàn lè pè kò pọ̀. Kí a tó ní ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ìbátan, ó yẹ ká lè sọ ẹni tó gbé e, ibi tó gbà, àti ìgbà tó dé. Ti tíì àti shayi ṣeé tọ́ka sí, láti èbúté dé èbúté. Ti ṣa kò ní ẹlẹ́rìí kankan.

Ewé náà fúnra rẹ̀ ti ń hù ní Nàìjíríà báyìí, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ó sì wà lára àwọn irúgbìn tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn ń ṣe ìwádìí lé lórí, pẹ̀lú kòkó, kọfí, kajú àti obì.