Àlejò Mẹ́ta Nídìí Tábìlì Kan: Àwòrán Mẹ́talọ́kan tí Andrei Rublev Kùn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ò ráàyè wá, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Inú Bíbélì la ti máa bẹ̀rẹ̀, Jẹ́nẹ́sísì orí 18. Ábúráhámù jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ẹ̀ ní Mámúrè, oòrùn ń mú, ó gbójú sókè, ló bá rí ọkùnrin mẹ́ta, ló bá sáré lọ pàdé wọn tó sì wólẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀: ó ní "Olúwa mi", ó ní kó jọ̀ọ́ kó má kọjá lọ́dọ̀ òun, bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀, kò pẹ́ ló tún ní kí wọ́n fomi wẹ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n sinmi lábẹ́ igi. Àwa Yorùbá máa ń pe ẹnì kan ní "ẹ" tá a bá ń bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ kéèyàn kojú ẹni mẹ́ta kó máa pè wọ́n ní "ìwọ", ìyẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ Kristẹni àtijọ́ dì mú, wọ́n ní Mẹ́talọ́kan ló fara hàn Ábúráhámù.

Wọ́n ti ń ya ìtàn yìí tipẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì San Vitale ní Ravenna, lórílẹ̀-èdè Ítálì, èyí tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe sára ògiri láti bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, Sérà dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ábúráhámù ń gbé ẹran bọ̀ nínú àwo, búrẹ́dì mẹ́ta wà lórí tábìlì. Àlejò ṣíṣe lẹ máa rí níbẹ̀.

Rublev wá dé. Mọ́ńkì ni, ará Rọ́ṣíà, láàárín nǹkan bí 1410 sí 1427 ló kun tiẹ̀ fún ilé àwọn mọ́ńkì tí Sergius ti Radonezh dá sílẹ̀ lápá àríwá Moscow, Sergius fúnra ẹ̀ ti kú ní 1392. Ohun tó ṣe ni pé ó yọ Ábúráhámù kúrò, ó yọ Sérà náà kúrò! Oúnjẹ tó pọ̀ yẹn, ife kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì, orí ọmọ màlúù ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ẹran ìrúbọ.

Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Pákó ni, gíga ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 142, fífẹ̀ ẹ̀ 114, pupa ẹyin ni wọ́n fi po àwọ̀ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná. Áńgẹ́lì mẹ́ta jókòó, ojú wọn jọra, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ kálukú, aró búlúù kan náà sì wà lára aṣọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tàárín àti tapá ọ̀tún tẹ orí ba sí tapá òsì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé Baba ló wà lápá òsì, Ọmọ láàárín, Ẹ̀mí Mímọ́ lápá ọ̀tún, àwọn míì ò gbà, èmi ò sì rò pé ó yẹ ká jà sí i, torí ó dà bíi pé Rublev mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n jọra ni. Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn jù ni pé tẹ́ ẹ bá tọ ilà ara áńgẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti èjìká wálẹ̀ dé ẹsẹ̀, ife ńlá kan ló máa yọ, tàárín ló sì wà nínú ẹ̀, tó na ọwọ́ sórí ife kékeré tó wà lórí tábìlì.

Àwòrán yìí ò fi bẹ́ẹ̀ hàn fáwọn èèyàn fún ìgbà pípẹ́ o. Òróró tí wọ́n fi pa ojú ẹ̀ ti dúdú, èéfín àbẹ́là wà níbẹ̀, àwọn míì tún ti kun nǹkan lé e lórí, wọ́n wá fi góòlù bo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìgbà tí Vasily Guryanov bẹ̀rẹ̀ sí í nu ún ní 1904 ni àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ yẹn tó jáde.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé ìbọ̀rìṣà kọ́ ni kéèyàn máa gbàdúrà níwájú àwòrán báyìí? Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní 787 ti dáhùn, wọ́n ní ọ̀wọ̀ téèyàn bá fún àwòrán ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀ ni, ìjọsìn gan-an, ti Ọlọ́run nìkan ni.

Ẹ padà síbi tábìlì yẹn. Ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, áńgẹ́lì mẹ́ta jókòó sí mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ iwájú ṣófo. Àwọn ilà àpótí ìtìsẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn áńgẹ́lì náà ń sún jọ síhà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó ni, wọn ò sún jọ síhà ẹ̀yìn bó ṣe máa ń rí lójú wa. Ibi tó yẹ kí Ábúráhámù dúró sí tó fi ń gbé oúnjẹ fún wọn, ibẹ̀ lẹni tó bá wá gbàdúrà ń dúró sí, ife yẹn sì wà níwájú ẹ̀.