Ẹjọ́ tí ọmọ bá wá sùn kì í ṣe òfófó

Àsàláámù àlékúmù. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, láti Ṣábó títí dé Lágere.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fìtínà nílé-ìwé ni kì í sọ. Ẹlẹgbẹ́ wọn á pè wọ́n ní olófòófó; àwa náà nílé á ní, "Kí ló dé tóò gbá a padà?" Bẹ́ẹ̀, nínú Súrà Nisáì, áyà 148, Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á máa kéde ọ̀rọ̀ burúkú, àfi ẹni tí wọ́n bá ṣàbòsí sí. Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ láṣẹ àtisọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yé ọmọ.

Bí ẹnì kan bá ń fìtínà rẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kó sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan: "Má fọwọ́ kàn mí mọ́." Kó má bú u padà, kó gba ọ̀dọ̀ tíṣà lọ. Ẹ fi dánrawò nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ohùn tí kò jáde rí ní pálọ̀ kò ní í jáde lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ojú ọ̀nà ilé ló máa ń le jù, torí kò sí àgbà níbẹ̀. Kó wá ẹni méjì tí wọn á jọ máa rìn. Bí ẹni tó ń fìtínà rẹ̀ bá ní kó mú owó oúnjẹ wá ńkọ́? Kó má fún un: ₦50 òní á di ₦100 lọ́la. Àmọ́ bí onítọ̀hún bá fa abẹ yọ, kó ju owó sílẹ̀, kó sá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó rí i sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ tíṣà kíláàsì ni kí ẹ lọ, ẹ má gba ilé òbí ọmọ kejì lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọdé ti ń di ìjà àgbà. Ẹ má sì ní kí wọ́n nà án níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ẹgba yẹn, ọ̀nà ilé ló ti máa san án fún ọmọ yín. Kí wọ́n yí ìjókòó wọn padà, kí àgbà kan máa dúró lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ padà lọ wò ó. Bí kò bá dẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé.

Bó bá wá jẹ́ ọmọ tiwa ló ń fìtínà ńkọ́? Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Àǹnábì ní ká ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí; ìrànlọ́wọ́ alábòsí ni ká dá a dúró. Súrà Hujuráàtì, áyà 11, sì kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ ẹ̀sín pe ara wa. Ká má tanra wa: ẹnu wa lọ́pọ̀ ọmọ ti gbọ́ "olórí ńlá" tó ń pe ọmọ ẹlòmíì.

Lálẹ́ òní, ẹ má bi ọmọ yín pé, "Ṣé wọ́n ń lù ẹ́?" Rárá lá wí. Ẹ bi í pé ta ni wọ́n jọ jẹun ní bíréèkì, ọ̀nà wo ló gbà bọ̀ wálé, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́.