Ẹ̀jẹ́ Orílẹ̀-Èdè àti Ọmọ Tó Dákẹ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Tí ẹ bá gba iwájú ilé-ìwé kan kọjá láàárọ̀ ní Àkúrẹ́, yálà ní Alágbàka tàbí ní Òkè-Àró, ẹ ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lórí ìlà. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n á ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè, wọ́n á sì fi "kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́" parí ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adebola Adedoyin, ọmọ ọba Ṣakí, ló kọ ọ́. Ọdún 1976 la bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọdún náà gan-an tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀.

Abala kẹwàá ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì wá sọ pé ìjọba kankan, ì báà ṣe àpapọ̀, ì báà ṣe ìpínlẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Àwọn kan á ní kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣebí ẹ̀jẹ́ náà ò sọ Ọlọ́run ta ni. Mùsùlùmí lè kà á, Kìrìsìtẹ́nì lè kà á, ẹni tó ń bọ Ògún ní ìlú Oǹdó náà lè kà á. Mo gbà. Ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ńkọ́, tí ẹ̀sìn ilé wọn kò gbà kó kí àsíá tàbí kó ka ẹ̀jẹ́ rárá?

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹjọ́ rí ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1940, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tí ọmọ wọn kò kí àsíá níléèwé lẹ́bi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, tí ogun àgbáyé ṣì ń jà, ilé ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ ọ̀hún padà: ìjọba ò láṣẹ láti fipá mú ọmọ ka ẹ̀jẹ́. Ẹ sì jẹ́ ká mọ̀ pé kò tíì sí Ọlọ́run nínú ẹ̀jẹ́ tiwọn nígbà yẹn. 1954 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un.

Níbí, abala kejìdínlógójì ìwé òfin fún gbogbo wa lómìnira èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, ọmọ iléèwé náà wà níbẹ̀. Nílé ẹjọ́ wa, ẹlẹ́rìí kan á gbá Bíbélì mú, òmíràn á gbá Kùránì mú, oníṣẹ̀ṣe á fi irin búra. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ìbúra lè ṣèlérí láì dárúkọ Ọlọ́run. Bí àgbàlagbà bá rí èyí gbà, kí ló dé tí a ó fi na ọmọ kékeré tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń ka ẹ̀jẹ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ kan bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ìlà, tí kò pariwo, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀. Ẹ pe àwọn òbí rẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn.