Kí la fi ju àdán lọ?

Àsàlámù alaekun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọpẹ́ f'Ọlọ́run, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa. Ẹ jẹ́ n tètè wọnú ọ̀rọ̀ torí inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọmọ kan béèrè pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ní ìwà ọmọlúàbí tá à ń hù, ara ẹranko ló ti ṣẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀, ẹfolúṣọ̀n, pé Darwin, onísáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ti kọ ọ́ láti 1871, ṣóòótọ́ ni? Háà! Wọ́n ní kèfèrí ni, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé e jáde. Ariwo ò tíì rọlẹ̀ tí baba arúgbó kan fi ń táràrà lẹ́nu ọ̀nà, kò rí bàtà ẹ̀, gbogbo àwọn aláriwo ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. "Kèfèrí" yẹn ló kúnlẹ̀ tó ń fi iná fóònù wá bàtà kiri títí ó fi rí i.

Ìbéèrè ẹ̀ ò burú. Àdán kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, tí ọ̀kan ò bá rí mu lóru, òmíì á pọ díẹ̀ nínú èyí tó mu sí i lẹ́nu kébi má pa á, àmọ́ ìbátan ẹ̀ tàbí ẹni tó ti fún òun náà rí ló sábà máa ń fún. Kò burú, ta ló dá àdán? Sáyẹ́ǹsì lè sọ bí àánú ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tó fi jẹ́ dandan fún mi níbi tí mi ò ti ní jèrè kankan.

Ẹ gbọ́ ti obìnrin Bani Israila yẹn, ọmọ Ísírẹ́lì, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari. Aṣẹ́wó ni. Ó rí ajá tó ń yí kànga po, òùngbẹ fẹ́ pa á. Ajá o! Kì í ṣe ẹbí, kò sì lè san oore láé. Obìnrin yìí bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, ó fi ìborí ẹ̀ so ó, ó fi fa omi, ó fún un mu. Ọlọ́run forí jìn ín tìtorí bàtà omi kan, subhanallah.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú Darwin wá ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń bá wáṣẹ́, aláìsàn tó lówó lẹ̀ ń lọ kí, sàráà gan-an ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀. Iṣẹ́ àdán lẹ̀ ń ṣe! Ọlọ́run sọ nínú Súrà Ṣamsi, nínú Kùránì, pé òun ti fi burúkú àti rere mọ ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ ìṣirò ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀?

Ọmọ mi, tó o bá rí èyí, jọ̀ọ́ padà wá sí Jímọ̀ òní. Mú ìbéèrè ẹ dání. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá jókòó sí.