Béèrè Iṣẹ́ Kí O Tó Béèrè Àìsàn: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ìlera Òṣìṣẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Òòjọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe lè fi ìgbélárugẹ ìlera níbi iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Mo sì ti rí i lójú àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú yìí pé orúkọ sàtífíkéètì tí wọn yóò lọ gbà ni wọ́n ń retí. A ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ilé kan ní ìlú Modena, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ṣáájú ọdún 1700.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini ló ni ilé náà. Wọ́n ń kó ṣáláńgá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wá ṣàkíyèsí pé ọkùnrin tó wà nínú kòtò ń kánjú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fara balẹ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ní ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ojú gidi ló ń sọ, kì í ṣe òwe. Iṣẹ́ náà ń mú ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mú un ṣú. Bó bá délé, inú yàrá tó ṣókùnkùn ló ń sá sí, tí yóò máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́ ojú títí di ọjọ́ kejì. Ramazzini jáde sígboro, ó sì rí àwọn alágbe afọ́jú tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ṣe rí.

Ní 1700 ó tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Níbẹ̀ ló ti sọ pé, lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè tí Hippocrates, dókítà ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kọ́ àwọn dókítà láti máa bi aláìsàn, òun fẹ́ fi ẹyọ kan kún un: kí ni iṣẹ́ rẹ? Kò mọ sọ́dọ̀ àwọn akóṣáláńgá. Ó kọ̀wé nípa àwọn akọ̀wé pàápàá, pé ìjókòó ọjọ́ gbogbo, ọwọ́ tó ń ṣe ohun kan náà láìsinmi, àti ọkàn tí kò balẹ̀ nítorí ẹ̀rù àṣìṣe, ló ń ṣe wọ́n. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà nígbà náà o.

Èmi náà kò mọ ìbéèrè yẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà, wọ́n ní kí n máa fi ọ̀rọ̀ ìlera kún iṣẹ́ mi nítorí pé wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó ń sáré láàárọ̀. (Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.) Mo gbé ìdíje kan kalẹ̀: ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ka ìṣísẹ̀ jù láàárín oṣù kan ni yóò gba ẹ̀bùn. Ariwo sọ, a ya fọ́tò, ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó gbégbá orókè ti ń sáré lópin ọ̀sẹ̀ kí èmi tó dé ilé iṣẹ́ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a pín ẹ̀bùn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ lóru pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ tiwa kì í ṣe ẹsẹ̀ ni?” Ẹnu géètì ni wọ́n máa ń gba fóònù wọn sí kí wọ́n tó wọlé. Kò sí ẹni tó ń rìn tó wọn nínú ọgbà yẹn, kò sì sí ẹni tó ka ìṣísẹ̀ wọn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an. Ó fi orúnkún rẹ̀ tó wú hàn mí. Báàkẹ́tì omi ni wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn, torí pé wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ilé bí àwọn ọ̀gá bá ti lọ sílé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lóru. Ìyẹn ni iṣẹ́ ìlera àkọ́kọ́ tí mo ṣe, kò sì sí fọ́tò kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú òṣìṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000, wọ́n fi ìbò pín wọn, wọ́n fi ètò ìlera lọ apá kan, wọn kò fi lọ apá kejì. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, owó ìtọ́jú, ìṣesí àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi pa iṣẹ́ jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó fínnú-fíndọ̀ wọ inú ètò náà ti ń tọ́jú ara wọn tẹ́lẹ̀, owó ìtọ́jú wọn sì ti kéré kí ètò náà tó dé. Ìyá onígbálẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi láìlo kọ̀ǹpútà.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ wa kò wúlò? Rárá o. Bí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe rí ló ń wọ inú ara lọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọwọ́ wa wà. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nípa bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé àìsàn ọkàn ń ṣe àwọn awakọ̀ tó ń jókòó ju àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn lọ, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ẹ tún wo ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera wọn ní 1967, ìwádìí tí a so mọ́ orúkọ Michael Marmot. Ọ́fíìsì ni gbogbo wọn wà, kò sí kẹ́míkà olóró, kò sí ẹ̀rọ tó ń gé ọwọ́. Síbẹ̀, bí ipò èèyàn bá ṣe lọ sílẹ̀ sí ni ikú àìsàn ọkàn ń sún mọ́ ọn sí. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ irú ìwádìí náà lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn ní 1985, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí dì mú ni pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní àṣẹ púpọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ara wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ni gbogbo ayé ń káàánú pé iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá lè ní kí ìpàdé di ọ̀la. Ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lọ tọ̀, kò ní irú àǹfààní yẹn. Iṣẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú àṣẹ díẹ̀: Robert Karasek, olùwádìí kan, ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ láti 1979.

Wákàtí iṣẹ́ náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ ṣírò rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2021: ní ọdún 2016, nǹkan bí 745,000 èèyàn ló kú ikú rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn tó tinú wákàtí iṣẹ́ gígùn wá. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Tí a bá wá kó irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ, tí a ń kọ́ wọn bí a ṣe ń mí sínú mí síta, ètè la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ sàtífíkéètì. Ilẹ̀kùn ilé yìí pọ̀. Nọ́ọ̀sì ń gba ibẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ìlera aráàlú, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ẹni tó ń bójú tó ààbò níbi iṣẹ́, àti ẹni tó wá láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ bíi tèmi. Ìdánwò NEBOSH ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbajúmọ̀ fún ìmọ̀ ààbò. CHES ti Amẹ́ríkà wà fún àwọn olùkọ́ni nípa ìlera. Ẹ gba èyí tí agbára yín bá ká. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo máa ń wò bí mo bá fẹ́ gba ọ̀dọ́ sí ẹgbẹ́ mi, mo máa ń ní kó sọ ohun kan ṣoṣo tó yí padà níbi iṣẹ́ kan nítorí rẹ̀, kó sì sọ bó ṣe mọ̀ pé ó yí padà.

“Bó ṣe mọ̀” yẹn ló ń ya ọmọ sọ́tọ̀. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí kò wá síbi iṣẹ́: ẹ̀ka wo ni wọ́n ti ń ṣàìsàn jù, ọjọ́ wo, lábẹ́ ọ̀gá wo, kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù tí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ padà? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìsoríkọ́ àti àníyàn ń gba ọjọ́ iṣẹ́ tó tó bílíọ̀nù 12 lọ́dún kárí ayé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀gá kan tí bílíọ̀nù 12 mú kó wá nǹkan ṣe. Fi ogójì ọjọ́ tí ẹ̀ka ìkóẹrù tirẹ̀ pàdánù lóṣù tó kọjá hàn án, yóò jókòó dáadáa.

Ohun kan wà tí kì í sí nínú ìwé ìpolówó iṣẹ́, tí yóò sì dé bá yín. Ẹ ó ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo rẹ̀ á dùn, ọ̀gá á wá pè yín sí ọ́fíìsì, á rẹ́rìn-ín, á ní kí ẹ fún òun ní orúkọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Òun kàn fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ má fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá fún un ni òṣìṣẹ́ ẹyọ kan kò ní bá yín sọ òótọ́ mọ́, iṣẹ́ yín sì parí nílé iṣẹ́ yẹn bí wọ́n bá tilẹ̀ ń san owó oṣù. Àdéhùn 161 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1985 sọ ọ́ kedere pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ tú ìdí tí ẹnì kan kò fi wá síbi iṣẹ́. Ẹ fi sápò. Ẹ tún mọ̀ pé ní 2022, àjọ yìí kan náà fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu, tó sì bá ìlera mu, kún ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá bá sì ní ọ̀lẹ lẹni tí iṣẹ́ ti tán lókun, ẹ rán an létí pé ìwé àkójọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022 pe irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó tinú wàhálà iṣẹ́ tí a kò bójú tó wá.

Nígbà ìbéèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní, “Ọ̀gá, gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó láti fi ra èso fún òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n fún mi ńkọ́?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó ra èso náà, kó má sì gbé e sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá. Kó dúró di aago méjì òru, kó gbé e lọ bá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, kó sì mú àpótí ìjókòó dání. Bí wọ́n bá ti ń jẹ ẹ́, kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń ṣe láti alẹ́, kó sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.